Àga ẹlẹ́yìn pàlàkà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iṣẹ́ ọwọ́ Hans Wegner

Àga kan wà nílé mi ní London tí àlejò kì í wọlé kó má béèrè nípa rẹ̀. Àwọn kan ti rí irú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, àwọn kan ti rí i nílé oúnjẹ. Àwọn mìíràn ò rí i rí, wọ́n kàn fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ọwọ́ náà ò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọ káfíńtà ni mí. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì iṣẹ́ bàbá mi n'Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, níbi tí lẹ́búlẹ́bú igi ti máa ń bo ìwé ilé ẹ̀kọ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ àga kì í sú mi. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù síbí, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Kí lorúkọ àga yìí gan-an?

Ó ní ju orúkọ kan lọ. Lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, CH24 ni. CH ni ìkékúrú Carl Hansen, 24 sì ni nọ́ńbà rẹ̀ láàárín àwọn àga tí Wegner yà fún wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Amẹ́ríkà ń pè é ní Wishbone, ìyẹn eegun àyà adìyẹ tó ya méjì, tí àwọn ọmọ wọn máa ń dì mú lápá ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n á fà á títí yóò fi kán. Nílẹ̀ Dẹ́nmáàkì tí wọ́n ti bí i, àti ní Jàpáànù tí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, àga Y ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní ẹlẹ́yìn pàlàkà. Ẹni tó bá ti wọ igbó lọ gé igi kànnàkànnà rí nígbà èwe yóò mọ ohun tó ń wò lọ́gán tó bá rí ẹ̀yìn àga yìí.

Ta ló ṣe é, ìgbà wo sì ni?

Hans J. Wegner. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1914 ní Tønder, ìlú kékeré kan tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, tó padà sọ́wọ́ Dẹ́nmáàkì lọ́dún 1920. Oníṣẹ́ bàtà ni bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni Wegner nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan nínú ìlú wọn, kó tó di pé ó lọ sí Copenhagen, tó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́dún 1936. Lẹ́yìn ìyẹn ó bá Arne Jacobsen àti Erik Møller, àwọn ayàwòrán ilé, ṣiṣẹ́ lórí àwọn àga àti tábìlì gbọ̀ngàn ìlú Aarhus. Lọ́dún 1943 ló dá dúró.

Ìtò iṣẹ́ rẹ̀ yìí ṣe pàtàkì sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ rándà àti ayùn kó tó mọ pẹ́ńsù ìyàwòrán. Ọ̀pọ̀ ló ń ya àga tó dára lójú ìwé, tí káfíńtà yóò wá máa gbọnrí lé lórí torí pé igi ò lè ṣe ohun tí ìwé sọ. Ohun tí igi lè ṣe ni Wegner máa ń yà.

Lọ́dún 1949 ni Carl Hansen & Søn ní ìlú Odense pè é. Carl Hansen ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1908, ṣùgbọ́n Holger ọmọ rẹ̀ ló ń darí rẹ̀ nígbà yẹn. Wegner ya ọ̀wọ́ àga kan fún wọn, CH24 sì wà nínú rẹ̀. Ọdún 1950 ló dé ọjà, wọn ò sì tíì dáwọ́ ṣíṣe é dúró láti ìgbà náà títí di òní. Àwọn àga tí Wegner yà láyé rẹ̀ lé ní 500. Oṣù kìíní ọdún 2007 ló kú, ẹni ọdún 92. Nílùú rẹ̀ ní Tønder, inú ilé gogoro tí wọ́n ń pọn omi ìlú sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n to àwọn àga rẹ̀ sí báyìí fún ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n.

Mo gbọ́ pé àga àwọn ará Ṣáínà ló wò ṣe é. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, kò sì fi pamọ́. Bó ti wù kí okùn gùn tó, ó níbi tí wọ́n ti fà á wá. Láyé ìjọba Ming, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1368 tó sì parí lọ́dún 1644, àwọn ará Ṣáínà ní irú àga kan tí igi òkè rẹ̀ yí po bí ìlàjì ẹ̀gbà ọwọ́: ó ṣe ibi ìfẹ̀yìntì, ó sì tún ṣe apá méjèèjì. Pákó kan ṣoṣo ló máa ń dúró láàárín ẹ̀yìn rẹ̀. Wegner rí irú àga báyìí, ó sì jọ ọ́ lójú púpọ̀. Ní 1944 ó ya èyí tó pè ní àga Ṣáínà fún ilé iṣẹ́ Fritz Hansen, ẹnikẹ́ni tó bá sì wò ó yóò rí àpẹẹrẹ ibi tó ti wá kedere.

Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó tún un yà, ó tún un yà, ó ń yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó fi máa dé CH24 lẹ́yìn ọdún márùn-ún, pákó àárín ẹ̀yìn ti di pàlàkà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń gùnkè bí ẹni ń jó, àga ìjòyè sì ti di àga tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé láti pálọ̀ dé ìdí tábìlì oúnjẹ. Bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá tí kì í sì í ṣe bàbá nìyẹn.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tó mú kí gbogbo ayé máa pariwo rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ẹ̀yìn wá, torí ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Wọ́n kúrò nílẹ̀, wọ́n dé ibi ìjókòó, wọ́n wá yí síwájú díẹ̀ lọ gbé igi òkè. Ojú á sọ fún yín pé ṣe ni wọ́n fi iná tẹ̀ wọ́n, àmọ́ irọ́ lojú pa. Láti inú pákó tó le ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà jáde bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fá a títí gbogbo etí rẹ̀ fi di róbótó. Káfíńtà tó bá ń kà á mọ ìdí tí èyí fi le: bí èèyàn bá gé igi ní kọrọdọ láìwo bí ìlà inú rẹ̀ ṣe lọ, ibi tí ìlà náà bá ti já ni igi yóò ti kán. Ẹni tó bá ń yan pákó fún ẹsẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ka inú igi kó tó fi ayùn kàn án.

Igi òkè ni wọ́n tẹ̀ ní tòótọ́. Ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì dè é bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa gbẹ. Òun ni ibi ìfẹ̀yìntì, òun náà sì ni apá. Wò ó bí apá yẹn ṣe kúrú: kò dé iwájú ìjókòó. Ìyẹn ló jẹ́ kí èèyàn lè súnmọ́ tábìlì dáadáa láìjẹ́ pé apá àga ń gbá etí tábìlì.

Ibi tí pàlàkà ti wúlò nìyí. Orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì péré ni igi òkè gbára lé, bẹ́ẹ̀ ìgbà gbogbo lèèyàn á máa fẹ̀yìn tì í, á máa fi apá rẹ̀ dìde. Bí kò bá sí ohun tó gbé e dúró láàárín, yóò máa mì. Pàlàkà ló wọlé láti abẹ́, ó la ẹnu, ó sì gbá igi òkè mú níbi méjì. Pákó fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ní ìpele ìpele ni wọ́n fi ṣe é, ó ń rọ̀ díẹ̀ bí ẹ̀yìn bá tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni! Ẹ yọ pàlàkà yẹn kúrò, àga náà á di ahẹrẹpẹ.

Iye ìgbésẹ̀ tí àga kan ń là kọjá kó tó jáde nílé iṣẹ́ lé ní 100, ọwọ́ èèyàn ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú wọn. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76, fífẹ̀ rẹ̀ 55, láti iwájú dé ẹ̀yìn 51, ìjókòó rẹ̀ sì ga tó 45 sílẹ̀.

Wegner gbà pé àga kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn, ìyẹn ni pé ibi yòówù kí èèyàn dúró sí, ó gbọ́dọ̀ dùn ún wò. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tí àwọn èèyàn bá jókòó yí tábìlì ká, ẹ̀yìn àga lẹni tó ń wọlé bọ̀ máa kọ́kọ́ rí.

Kí ni wọ́n fi hun ìjókòó rẹ̀? Ó jọ okùn, ó sì jọ koríko.

Pépà ni.

Mo mọ̀ pé ẹ ò retí ìyẹn. Pépà líle ni wọ́n ń lọ́, fọ́nrán mẹ́ta lọ́ mọ́ ara wọn, títí á fi di okùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni okùn yìí gbilẹ̀ ní Dẹ́nmáàkì, torí pé ogun ti dínà àwọn ohun híhun tó ń ti òkèèrè wá, irú bíi koríko òkun tí wọ́n fi ń hun ìjókòó tẹ́lẹ̀. Ogun parí, koríko padà dé, ṣùgbọ́n àwọn ahunga ti rí i pé okùn pépà dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í gún ni nídìí, kì í sì í tètè já. Wọn ò padà sídìí ti àtijọ́ mọ́.

Àga kan ṣoṣo ń gba okùn tó tó mítà 120. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n hun dáadáa ń lò tó wákàtí kan lórí ẹyọ kan.

Pépà? Ṣé ó máa gbé èmi tí mo sanra yìí?

Á gbé yín. Ìyá mi wá kí mi láti ilé, wọ́n wo àga náà títí, wọn ò jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín okùn náà bí wọ́n ṣe máa ń tẹ ẹní lọ́jà kí wọ́n tó dá a lówó, wọ́n fi èékánná ya ìlà láti igun kan wá sí àárín, wọ́n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n ní, "Ta ló bá ọ hun ẹní sórí àga?" Mo ní èmi ni, mà. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wá jókòó. Nígbà tó yá wọ́n yí ẹ̀gbẹ́, wọ́n gbé apá kan lé igi òkè, wọ́n na ẹsẹ̀ síta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀fọ́. Ohun tí Wegner ń fẹ́ gan-an nìyẹn: kí èèyàn lè jókòó síwájú, kó yí sápá ọ̀tún, kó yí sósì, kó má sí ibi tí igi á ti gún un.

Mi ò ní parọ́, kì í ṣe àga tí èèyàn ń sùn sí. Àga ìdí oúnjẹ àti ti ìwé kíkà ni. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó ti bọ́ọ̀lù fún wákàtí mẹ́ta, ẹ lọ sórí àga onítìmùtìmù.

Ṣé òun ni àga tí Kennedy jókòó sí lórí tẹlifíṣàn?

Rárá. Àṣìṣe yìí pọ̀ gan-an. Àga tí Kennedy lò níbi àríyànjiyàn òun àti Nixon, tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ní Chicago, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, iṣẹ́ Wegner ni lóòótọ́, ọdún 1949 kan náà ló sì yà á, ṣùgbọ́n kò ní pàlàkà lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ Johannes Hansen ló ń ṣe é nígbà náà, ilé iṣẹ́ PP Møbler ló ń ṣe é báyìí. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà.

Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Kí n tó ní ojúlówó, méjì ni mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń kó ayédèrú wọlé. Nínú fọ́tò, ẹ ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, mo gbé ọ̀kan, mo fọwọ́ lu ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí wọ́n ti fi gúlù lẹ igi méjì pọ̀ láti fi ṣe kọrọdọ. Okùn ìjókòó tínrín, ó sì dẹ̀. Ìgbà òtútù kejì, tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ti gbẹ afẹ́fẹ́ inú yàrá, ìlà yẹn là. Ọmọ mi ọkùnrin ló wà lórí rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, orí kápẹ́ẹ̀tì ló já lé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò lè tún un ṣe. Mo jẹ́ ọmọ káfíńtà, mo gbé e sórí tábìlì, mo wò ó títí. Igi náà ti là níbi tí gúlù tuntun ò lè dì mú, ibi tí ìlà inú igi ti já. Àkìtàn ló lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ojúlówó, ẹ yí àga dorí kodò. Ẹ wá àmì ilé iṣẹ́ lábẹ́ igi ìjókòó. Ẹ fi ojú tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè: igi kan ṣoṣo ni, ìlà inú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ yí padà lójijì. Ẹ tẹ okùn: ó yẹ kó le bí awọ ìlù. Ẹ wo ibi tí pàlàkà ti wọ igi òkè, kò yẹ kí gúlù yọ jáde níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin náà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọnà tí wọ́n bá ti ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu ní ilé iṣẹ́, ọdún 25 péré ni òfin fi ń dáàbò bò ó. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2016 wọ́n fagi lé ìyẹn, àwọn oníṣòwò sì ní títí di oṣù kìíní ọdún 2017 láti ta èyí tó wà nílẹ̀. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí ilé ẹjọ́ bá kà sí iṣẹ́ ọnà, ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é ni ààbò rẹ̀ máa tó parí. Ní Jàpáànù, lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ gbà kí ìrísí àga yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì ìdánimọ̀ ọjà, láìjẹ́ pé wọ́n kọ orúkọ kankan sí i. Ìyẹn ni pé bí ará Jàpáànù bá rí ẹ̀yìn rẹ̀ lásán, ó ti mọ ilé tó ti wá.

Ìmọ̀ràn mi: bí owó ò bá tó fún tuntun, ẹ wá àlòkù. Àlòkù tí ìjókòó rẹ̀ ti já máa ń rọ̀jú gan-an, torí àwọn èèyàn rò pé ó ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí tèmi.

Lẹ́yìn ọdún tó lé ní àádọ́rin, kí ló dé tí kò fi sú aráyé?

Àwọn kan á ní ẹwà ni. Ẹwà wà, ṣùgbọ́n mo ti rí àga tó rẹwà jù ú lọ tí kò pé ogún ọdún tó ti dèrò àkìtàn. Èrò tèmi ni pé àga yìí mọ ibi tóun máa ti kọ́kọ́ gbó. Ìjókòó ni gbogbo ìwúwo ń bọ́ sí, ìjókòó ni wọ́n sì fi ohun tó rọrùn láti yọ kúrò ṣe. Okùn máa já, igi kò ní já. Ẹ yọ okùn àtijọ́, ẹ hun tuntun, àga tún bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ẹni tó yà á ti ro ti ẹni tó máa tún un ṣe ní ogójì ọdún sí i.

Àwọn tó hun ẹní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọn kì í fi ìṣó kan ibi tó máa nílò àtúnṣe, wọ́n á ní kí àwọn má bàa kó wàhálà bá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ṣé ó lè gbé ilé ní Nàìjíríà?

Nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni. Ní fàráńdà tí òjò ń fẹ́ sí, rárá. Okùn pépà ń mu omi, bó bá sì ń rẹ tó ń gbẹ lójoojúmọ́, á dẹ̀, á máa hu èbu. Igi náà máa ń fẹ̀ lákòókò òjò, á sì sún kì nígbà ọyẹ́, gẹ́gẹ́ bíi gbogbo igi. Ẹ má gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ lù ú tààrà.

Káfíńtà wa lè ṣe irú rẹ̀ bí?

Ọwọ́ wà nílé, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ẹ lọ sí Mẹ́ńdè ní Maryland, l'Ékòó, ẹ wo àwọn tó ń hun àga pàǹkẹ́rẹ́ létí ọ̀nà. Ẹni tó lè tẹ pàǹkẹ́rẹ́ yí ká, kó hun ún mọ́ra láìlo ìwé ìdiwọ̀n, kò sí ohun tí okùn pépà fẹ́ fi hàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé kó ṣe CH24 fún yín láti inú fọ́tò. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ òfin, ohun tí fọ́tò kì í gbé ni ọ̀nà tí igi gbà wọ inú igi, èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ni iṣẹ́. Kí ó ṣe bí Wegner ti ṣe sí ti Ṣáínà: kó jókòó ti àga kan tó dára, àpótí àtijọ́ ilé wa náà kà mọ́ ọn, kó yọ ohun tí kò wúlò kúrò, kó fi ìrókò tàbí mahogany wa ṣe èyí tí ìdí wa máa mọ̀ ní tiwa. Ó wù mí kí n rí àga bẹ́ẹ̀ kí n tó kú, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ pàǹkẹ́rẹ́, tí ọmọ ọmọ ẹni tó rà á á sì lè gbé lọ fún ahunga láti tún hun.

Igi wo ni kí n yàn, báwo sì ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Beech ló rọ̀ lówó jù. Oak ló gbajúmọ̀ jù, tèmi náà oak ni. Walnut dúdú, ó wọ́n. Wọ́n tún ń kun òmíràn ní oríṣiríṣi ọ̀dà, èyí tí n kò rí ìdí rẹ̀, torí ìgbádùn igi ni kéèyàn rí igi.

Ojú igi tí wọ́n fi ọṣẹ tàbí òróró pa lára ló dára jù lójú mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ọṣẹ: àwọn ará Dẹ́nmáàkì máa ń po ọṣẹ funfun mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á fi pa igi, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi sáńpépà tó kúnná gbá a. Igi á funfun báláú, á sì rọ̀ lọ́wọ́. Bí ọbẹ̀ bá dà sí i, ẹ lè fi ọṣẹ kan náà fọ̀ ọ́ kúrò. Fáníìṣì kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ wọlé, àmọ́ bó bá ti bó, iṣẹ́ ńlá ni.

Okùn ń fẹ́ aṣọ tí a rẹ sómi tí a sì fún gbẹ dáadáa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá dà sí i, ẹ yára fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe fi nu ún. Ẹ má fi bàtà gun orí rẹ̀ láti pa gílóòbù dà.

Mo ní ọ̀kan tí ìjókòó rẹ̀ ti já. Ṣé mo lè hun ún fúnra mi?

Ẹ lè hun ún, bí ẹ bá ní sùúrù ọjọ́ kan gbáko. Ọ̀gá á fi wákàtí kan ṣe é, èmi fi ọjọ́ méjì ṣe tèmi àkọ́kọ́.

Ẹ ra okùn tó tó, nǹkan bí mítà 120 sí 130. Oríṣi méjì ló wà: èyí tí ìlọ́ rẹ̀ hàn ketekete bí okùn àgbò, àti èyí tí ojú rẹ̀ dán. Èyí tó dán ni ti àga yìí. Ẹ gé okùn àtijọ́ kúrò, ẹ yọ gbogbo ìṣó kéékèèké tó wà nínú igi, ẹ nu eruku ogójì ọdún tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí oríkèé kan bá ń mì, àkókò tí ẹ máa fi gúlù sí i nìyí, kì í ṣe lẹ́yìn híhun. Wọn kì í rẹ okùn yìí sómi bíi pàǹkẹ́rẹ́.

Igi iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí náà igun méjì iwájú lẹ máa kọ́kọ́ hun. Ẹ kan orí okùn mọ́ inú igi ẹ̀gbẹ́ òsì. Okùn á gba orí igi iwájú kọjá, á bọ́ sábẹ́, á yọ jáde láàárín, á wá gba orí igi ẹ̀gbẹ́ òsì kọjá, á tún gba abẹ́ jáde. Ẹ nà án tààrà lọ sí igun ọ̀tún, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí i níbẹ̀, ẹ kan ìdí rẹ̀ mọ́ igi. Ẹ máa ṣe é lọ títí àlàfo tó kù níwájú á fi bá ti ẹ̀yìn dọ́gba. Láti ibẹ̀, okùn kan náà á wá máa yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ ó máa rí i bí ìlà ṣe ń ti igun kọ̀ọ̀kan sáré lọ sáàárín, bí ẹ̀yìn àpòòwé lẹ́tà. Nígbà tí igi ẹ̀gbẹ́ bá kún tán, àlàfo díẹ̀ á ṣì kù láàárín, kí okùn máa lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn, kó máa bọ́ sáàárín lálọ lábọ̀ títí àlàfo yẹn á fi dí.

Gbogbo iṣẹ́ náà, fífà ni. Ẹ fà á ní gbogbo ìgbà tó bá yí igi ká, ẹ má ṣe sọ pé ẹ máa padà wá fà á. Kò ní ṣe é fà mọ́. Lẹ́yìn bí yíyí márùn-ún mẹ́fà, ẹ fi igi pẹlẹbẹ àti òòlù gbá àwọn ìlà súnmọ́ra kí wọ́n gún régé. Ẹ fi aṣọ wé ìka tí okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá. Tèmi bó ní ọjọ́ kìíní. Bí okùn bá tán lọ́wọ́ yín, abẹ́ ni kí ẹ ti so kókó, kò gbọ́dọ̀ hàn lókè.

Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ jókòó lé e, á máa dún kẹ́kẹ́ lábẹ́ yín. Ẹ má bẹ̀rù. Okùn tuntun ló ń wá ipò rẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá ti kọjá, á dákẹ́.